Igi Tí Wọ́n Fi Ẹnu Gbìn

Ọjọ́ Ìsinmi ni àbúrò mi obìnrin máa ń pè wá. Bí a bá ti ti Máàsì dé, tí a jẹun tán, èmi àti ìyá wa á jókòó síbi ìbòòji lẹ́yìn ilé ní Bantè, màá gbé tẹlifóònù lé orí àpótí, a ó máa retí rẹ̀. Olùkọ́ ni mí ní Savalou. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń wọkọ̀ wá sílé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni mo sì ń padà. Àbúrò mi ní tirẹ̀ wà ní Kánádà, ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ní ìlú kékeré kan tí ọkọ̀ ojú irin máa ń gbà kọjá láyé àtijọ́. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Tí ọ̀sán bá pọ́n lọ́dọ̀ wa, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ rẹ̀, oorun ṣì máa ń wà lójú rẹ̀ nígbà míì.

Ìyá mi kì í gba ọ̀rọ̀ kankan láìbéèrè ìdí rẹ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí a bá sáré wọlé pé òjò ń bọ̀, á bi wá pé láti ọ̀nà ibo. Ogbó kò mú ìwà yẹn kúrò, ńṣe ló fi kún un. Èdè Ìṣà ló ń sọ, èdè àwa ará Bantè. Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún kan, ìyá mi sì ń bó iṣu lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi sọ ọ̀rọ̀ yìí.

"Ìyá, a fẹ́ dá oko èso sílẹ̀ ládùúgbò wa."

"Ìwọ àti ta?"

"Èmi àti àwọn aládùúgbò."

"Èso wo ló lè so níbi tí omi ti ń di òkúta?"

"Pọ́mù."

Pọ́mù ni àwa ń pe èso tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ápù. A mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì ní Savalou máa ń nù ún títí á fi máa dán bíi bàtà ọdún. Ṣùgbọ́n èso lásán la mọ̀. Kò sí ẹni tó tíì rí igi rẹ̀ rí nínú wa.

"Ta ló ni ilẹ̀?" Ìyá mi tún béèrè.

"Mẹ́ẹ̀rì ló ni ín, àwọn tó ń ṣàkóso ìlú. Wọ́n ní ká máa lò ó."

"Ta ló máa wá ni igi?"

"Gbogbo wa."

Ìyá mi fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Igi gbogbo wa," ó ní, "ewúrẹ́ gbogbo wa ní í jẹ ẹ́."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà. Nígbà tí òun àti bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ilẹ̀ àyálò ni wọ́n ń ro lọ́nà Atokoligbé. Onílẹ̀ gbà wọ́n láyè kí wọ́n gbin iṣu, kí wọ́n gbin àgbàdo, kí wọ́n gbin gbáàgúdá, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹni tó bá gbin kajú tàbí máńgòrò sórí ilẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ nìyẹn. Lọ́la, ọmọ rẹ̀ á ní bàbá òun ló ni ibẹ̀. Bàbá wa fẹ́ràn ọsàn púpọ̀, síbẹ̀ kò gbin ìdí ọsàn kan títí tó fi ní ilẹ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ gbin igi sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, tí onílẹ̀ sì ní kí wọ́n máa gbìn ín lọ, ó fẹ́ mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́.

Láti ọjọ́ náà, oko èso ló kù tí a ń bi àbúrò mi. A kì í bi í nípa iṣẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó gbé tẹlifóònù rẹ̀ lọ síbẹ̀ kí a lè fojú ara wa rí i. Pápá kan ni, koríko kún ibẹ̀, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí irin rélùwéè ti kọjá tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti hú irin náà kúrò, ipa rẹ̀ nìkan ló kù. Láàárín koríko yẹn, igi kan dá dúró. Ó gbó, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, èèpo rẹ̀ dúdú, èso wẹ́wẹ́ sì kún un. Èso tó ti já sílẹ̀ ju èyí tó wà lókè lọ.

"Igi wo nìyẹn?" ni ìyá mi wí.

"Pọ́mù náà ni. Ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kan gógó, kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Wọ́n máa gé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ibẹ̀ lè mọ́."

"Ta ló gbìn ín?"

Àbúrò mi yí ojú tẹlifóònù padà sí ara rẹ̀. "Ìyá, mi ò mọ̀. Ó ti pẹ́."

"Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe é ńkọ́?"

"Mi ò rò pé wọ́n mọ̀."

"Ẹ má gé e," ni ìyá mi sọ. "A kì í gé igi tó ń so láìbéèrè ẹni tó gbìn ín. Bóyá ẹni náà wà láàyè. Bóyá ó ní ìdí tó fi gbìn ín síbẹ̀. Sọ fún wọn pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."

Mo rí i lójú àbúrò mi pé ẹrù tí Ìyá gbé lé e lórí wúwo. Kò tíì pẹ́ tó dé ìlú náà. Òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú ìpàdé wọn, ẹ̀yìn ló sì máa ń jókòó sí. Báwo ló ṣe fẹ́ dìde níbẹ̀ kó ní ìyá òun ní Bantè ní kí wọ́n má gé igi? Mo fẹ́ bá a bẹ Ìyá, ṣùgbọ́n ìyá wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó iṣu mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rín ló fi pè wá. Ó ní òun dìde lóòótọ́. Ó sọ ọ́ bí Ìyá ṣe wí gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó ní ayùn, ẹni tó ti múra láti gé igi náà fúnra rẹ̀, wo àwọn yòókù, ó ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáa. Ta ló gbìn ín?" Kò sí ẹni tó mọ̀. Wọ́n wá fi gígé rẹ̀ dúró títí wọn ó fi béèrè.

"Mo mọ̀ pé wọ́n á gbọ́," ni ìyá mi wí. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní kí n lọ sọ ọ́ fún Àlájà.

Àlájà ni aládùúgbò wa tó ń ta omi tútù àti bísápù, omi pupa tí wọ́n ń fi ìṣápá sè. Òun ló ní fìríìjì tó tóbi jù ládùúgbò wa. Láìpẹ́, fìríìjì yẹn náà bọ́ sínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ra pọ́mù kan bọ̀ láti Savalou, ìyá mi là á sí méjì, ó wo inú rẹ̀ pẹ́, ó sì ṣa kóró rẹ̀ jáde. Kóró dúdú wẹ́wẹ́ ni. Ó gbìn wọ́n sínú agolo tòmátì, ó ń bomi rin wọ́n. Wọn kò hù. Nígbà tí a sọ fún àbúrò mi, ó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, ó sì padà wá sọ pé kóró pọ́mù kì í hù bí kò bá kọ́kọ́ rí òtútù. Ó gbọ́dọ̀ sùn nínú òtútù fún ìgbà pípẹ́ kó tó mọ̀ pé àsìkò ti tó láti jí.

Ìyá mi gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Kóró tó ń wá ìyà?"

"Kì í ṣe ìyà lójú rẹ̀, Ìyá."

Bí a ṣe wé kóró mìíràn sínú aṣọ tútù nìyẹn, tí mo gbé e lọ bá Àlájà.

"Kí ni mo máa fi ṣe?" ló béèrè.

"Ẹ bá wa fi sínú fìríìjì, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá fẹ́ kó sùn."

Ó wò mí bíi pé ara mi kò yá. Ṣùgbọ́n ó gbà á, ó fi sí ẹ̀yìn ìgò bísápù, gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló sì ń ṣàlàyé fún. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bí mo bá ti wálé, àwọn tí n kò mọ̀ rí ń dá mi dúró lójú ọ̀nà: "Olùkọ́, kóró yín ti jí?"

Ọyẹ́ dé lọ́dọ̀ wa, yìnyín sì dé lọ́dọ̀ àbúrò mi. Kì í ṣe irú yìnyín tiwa tó ń já lu páànù, tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ. Èyí ń rọra bọ̀ bí òwú tí wọ́n ń gbọ̀n. Nígbà tó fi pápá náà hàn wá, gbogbo rẹ̀ ti funfun. Wọ́n ti gbin ọ̀dọ́ igi díẹ̀ kí òtútù tó le, wọ́n fi ìyókù dúró de ìgbà tí ilẹ̀ á yọ́. Àwọn ọ̀dọ́ igi náà dúró nínú yìnyín bí ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, láìní ewé kankan.

"Wọ́n ti kú," ni mo wí.

Ìyá mi kò gbà. "Igi wa náà ń wọ́ ewé nígbà ọyẹ́," ó ní. "Èyí tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni wáyà. Kí ni wọ́n fi wáyà yí wọn ká fún?"

"Nítorí ehoro," ni àbúrò mi dáhùn. "Tí yìnyín bá bo koríko, ebi á máa pa wọ́n, wọ́n á wá máa họ èèpo igi jẹ. Tí wọ́n bá ti họ ọ́ yípo, igi náà lọ nìyẹn."

"Ehoro wà níbẹ̀?"

"Ó pọ̀."

"Kí ló dé tí wọn ò dẹ pańpẹ́, kí wọ́n jẹ ehoro, kí igi sì sinmi?"

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín débi pé tẹlifóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ojú ọ̀run funfun nìkan ni à ń rí.

Ní gbogbo àkókò yìí, ó ń béèrè ẹni tó gbin ògbólógbòó igi yẹn. Ó bi àwọn ará mẹ́ẹ̀rì, ó bi àwọn tí ilé wọn sún mọ́ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìgbà tó yá ló wá rántí pé àwọn tó gbó jù ní ìlú náà wà lábẹ́ ìtọ́jú òun fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bó bá ń wẹ̀ wọ́n, bó bá ń fún wọn lóúnjẹ. Púpọ̀ nínú wọn kò rántí pé igi kankan wà níbẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà nínú wọn tí kì í sọ̀rọ̀. Ojú fèrèsé ló máa ń jókòó sí. Àbúrò mi ń ya irun fún un lọ́jọ́ kan, ó sì bi í, láìretí ìdáhùn. Ìyá àgbà náà ní, "Lẹ́bàá ojú irin? Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Ẹnu ni wọ́n fi gbìn ín."

Ó wá sọ fún un pé àwọn tó ń tún ojú irin ṣe máa ń jókòó síbẹ̀ jẹun ọ̀sán, ọkọ òun sì wà nínú wọn. Àràárọ̀ lòun ń fi pọ́mù kan sínú àpò oúnjẹ rẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́ tán, á ju kùkù rẹ̀ tòun ti kóró sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, igi kan hù, kò sì sí ẹni tó mọ kóró ẹnu ta ni.

Nígbà tí àbúrò mi ròyìn èyí fún wa, ìyá mi na ọrùn sí tẹlifóònù. Mo rò pé kò gbọ́ ni. Lẹ́yìn náà ló ní, "Nígbà náà, kò sí ọmọ ẹnì kan tó lè sọ pé bàbá òun ló ni ín." Ó tún un sọ fún ara rẹ̀. "Kò sí." Ó ní kí àbúrò mi bá òun kí obìnrin náà.

Kíkí nìkan kò tó. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní Bantè, tí ilẹ̀ yọ́ lọ́hùn-ún, tí wọ́n sì gbin àwọn igi tó kù, ògbólógbòó igi náà yọ òdòdó. Mi ò mọ̀ pé igi pọ́mù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òdòdó náà bo gbogbo ẹ̀ka, ó funfun, ó ní pupa díẹ̀ létí, bíi pé yìnyín tún padà. Àbúrò mi fi kẹ̀kẹ́ arúgbó ti ìyá àgbà náà wá sábẹ́ rẹ̀, ó sì pè wá. Àwọn ìyá méjèèjì fojú kan ara wọn lórí tẹlifóònù, èmi sì di ògbufọ̀.

"Bọ́ńjúù, màdáámù," ni ìyá àgbà náà wí.

"Ẹ kú òtútù," ni ìyá mi dáhùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn há mi lẹ́nu. Faransé kò ní irú ìkíni bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ó ń kí yín pé ẹ kú ìfaradà òtútù yín." Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, kò sẹ́ni tó kí òun bẹ́ẹ̀ rí.

"Ọkọ yín, irú ènìyàn wo ni?" ni ìyá mi béèrè.

"Aláriwo ni. Bó bá wọlé, gbogbo ilé á mọ̀. Èmi ni mo máa ń ní kó dákẹ́."

"Tèmi kì í sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń ní kó sọ nǹkan."

"Ó wà láàyè?"

"Rárá o. Tiyín ńkọ́?"

"Rárá."

Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà béèrè bóyá igi wa náà máa ń sùn. Ìyá mi ní oòrùn ni tiwa, kò sí òtútù, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn máa ń wọ́ ewé nígbà ọyẹ́.

"Wọ́n ń sùn nìyẹn," ni ìyá àgbà wí.

Ìyá mi bojú wo igi tó wà lẹ́yìn ilé wa. "Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí," ó ní.

Wọn kò gé ògbólógbòó igi náà mọ́. Ọkùnrin oníayùn yẹn ló tún fọwọ́ ara rẹ̀ gé ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀, tó fi wọ́n kan ara àwọn ọ̀dọ́ igi mìíràn, tó dì wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè dàgbà di ọ̀kan. Ó ṣàlàyé fún àbúrò mi pé bí èèyàn bá gbin kóró pọ́mù, èso tó máa so kò ní jọ ti ìyá rẹ̀. Bó bá fẹ́ irú igi yẹn gan-an, àfi kó mú nínú ara rẹ̀. Ìyá mi ní ọmọ ènìyàn náà kò yàtọ̀.

Kóró tiwa jí lóòótọ́. Nígbà tí a mú un kúrò nínú fìríìjì Àlájà, àwọn kan ti la ẹnu, wọ́n sì hù nínú agolo. Àwọn èèyàn wá ń wò wọ́n. Ewé wọn rí róbótó, etí rẹ̀ sì rí bí ayùn. Ṣùgbọ́n wọn kò lágbára. Nígbà tí oòrùn le lẹ́yìn ọyẹ́ tó tẹ̀lé e, wọ́n rọ, wọ́n gbẹ. Ìyá mi kò bínú. Ó gbin ata sínú agolo náà.

Ìyá àgbà kò jẹ nínú èso ọdún tí òun àti ìyá mi sọ̀rọ̀. Ó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sì jí mọ́, kí èso tó pọ́n. Ìyá mi ní kí n lọ bá fàdá kí wọ́n gbàdúrà fún un nínú Máàsì wa. Nígbà tí fàdá pe orúkọ rẹ̀ ní ìjọ Bantè, gbogbo èèyàn ń yíjú wo ara wọn, wọ́n ń wá òyìnbó tí ó kú láàárín wa. Ìyá mi jókòó gbọnin, ó ní "Àmín" sókè ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Nígbà tí èso pọ́n, àwọn ará àdúgbò àbúrò mi péjọ, wọ́n ká a, wọ́n sì sè é ní ìta pẹ̀lú ṣúgà nínú ìkòkò ńlá títí tó fi ki, nítorí pé èso tó kan gógó ló dára jù fún un. Àbúrò mi gba kọngé, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì mú ìgò kan lára rẹ̀ wá bá wa nílé. Kọnfitíyù ni wọ́n ń pè é. A fi pa búrẹ́dì. Ìyá mi jẹ díẹ̀, ó pa ojú dé.

"Ó kan," ó ní. Ó tún jẹ sí i. "Ó wá dùn lẹ́yìn." Ó ní kí n gbé ṣíbí kan lọ fún Àlájà, Àlájà sì ránṣẹ́ pé kí a fi kún un.

Àbúrò mi padà sí Kánádà láàárín òtútù. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tó pè wá láti ibẹ̀, ìyá mi ti ní ìbéèrè tuntun. Ó fẹ́ mọ ibi tí kòkòrò oyin ń lọ. Bí kò bá sí oyin, kò lè sí èso. Kí ni wọ́n wá ń ṣe nígbà tí gbogbo nǹkan bá di yìnyín? Ṣé wọ́n ń kú ni, àbí wọ́n ń ṣí lọ bí àwọn ẹyẹ?

Àbúrò mi kò mọ̀. Ó bi obìnrin kan tó ní ilé oyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà. Ńṣe ni obìnrin náà mú un lọ síbẹ̀. Àpótí onípákó ni ilé oyin náà, wọ́n ti fi nǹkan wé e nítorí òtútù, yìnyín sì bo orí rẹ̀. Kò sí oyin kankan níta. Obìnrin náà ní kó gbé etí lé e.

Bó ṣe gbé etí lé e, ó pè wá. Ó kàn ní, "Ìyá, ẹ gbọ́," ó sì fi tẹlifóònù lé ẹ̀gbẹ́ àpótí náà.

Ìyá mi gba tẹlifóònù lọ́wọ́ mi, ó fi sí etí, ó na ọwọ́ kan sókè kí n má bàa pariwo. Láti ibi tí mo jókòó sí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń wo ojú rẹ̀.

"Wọn ò sùn," ó ní nígbẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀."